Ọmọ ọdún 54 ni mí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí

Ìbéèrè: Ọdún 19 ni mo fi ṣe alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí fún ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ra tiwa, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń kọ̀wé wáṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ kì í dá mi lóhùn rárá. Ibì kan ní ìmọ̀ mi ti pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ. Níbòmíràn, ọmọkùnrin kan tí mo lè bí bi mí bóyá mo lè gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó kéré sí mi, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ. Ṣé kí n máa fi ọjọ́ orí mi pamọ́ ni? Ṣé kí n gba iṣẹ́ yòówù tó bá ti yọjú? Wọ́n tún ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Kéèyàn fi oṣù mẹ́jọ máa kọ̀wé láìrí èsì kì í ṣe kékeré, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ti ń pè ní ọ̀gá láti ọdún 19 sẹ́yìn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé kì í ṣe pé ẹ̀ ń fura lásán, kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ yín kò dára. Wọ́n ń fi ọjọ́ orí yọ èèyàn sílẹ̀ lóòótọ́. Ní 1969, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Robert Butler, fún ìwà yìí lórúkọ, ó pè é ní "ageism", ó sì sọ pé ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti ẹ̀tanú tí wọ́n ń tìtorí àwọ̀ ara hù síni.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, David Neumark, Ian Burn àti Patrick Button, tẹ èsì ìdánwò ńlá kan jáde. Wọ́n kọ ìwé ìwáṣẹ́ tó lé ní 40,000 ní orúkọ àwọn èèyàn tí kò sí, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ló kúnjú òṣùwọ̀n. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi yàtọ̀. Nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìpè tí àwọn obìnrin ọlọ́dún 64 sí 66 rí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì èyí tí àwọn ọlọ́dún 29 sí 31 rí lọ. Àwọn ọlọ́dún 49 sí 51, tí wọ́n súnmọ́ yín jù, bọ́ sáàárín méjèèjì. Ti àwọn ọkùnrin kò le tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò mẹ́nu kan èyí kí ọkàn yín lè rẹ̀wẹ̀sì. Ohun kan wà nínú ìdánwò yẹn tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: ìwé nìkan ló lọ. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn tó mọ ẹni tó kọ̀wé, kò sẹ́ni tó lè ní "èmi mọ obìnrin yìí, mo mọ iṣẹ́ rẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ni ọjọ́ orí ti ń pa èèyàn lára jù, torí pé ẹni tó ń ka ìwé náà kò ní nǹkan mìíràn tó lè dì mú. Ọ̀nà yẹn nìkan sì ni ẹ ti ń gbà láti oṣù mẹ́jọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn ilé iṣẹ́ yan òṣìṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò. Ẹni tó ń ka ìwé yín kì í sábà sọ fún ara rẹ̀ pé "èyí ti dàgbà jù." Àwọn ìbéèrè kan ló ń jà lọ́kàn rẹ̀ tí kò ní bi yín, yálà torí pé òfin ò gbà á láyè tàbí torí pé ojú ń tì í. Ṣé kò ní fi wá sílẹ̀ bó bá rí ibi tó sàn? Ṣé owó tó ń retí kò ní ju agbára wa lọ? Ṣé ó máa gbọ́ràn sí ọ̀gá tó kéré sí i? Ṣé ó mọ ẹ̀rọ tí à ń lò, àbí a máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀? Nígbà tí kò bá rí ìdáhùn nínú ìwé, á dáhùn wọn fúnra rẹ̀, ìdáhùn tó bá fún ara rẹ̀ kì í sì í gbè yín. Nítorí náà, iṣẹ́ yín báyìí ni pé kí ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè tí wọn ò bi yín, kí ẹ sì wá àwọn tó máa bá yín dáhùn wọn.

Ẹ gbé èyí tí wọ́n sọ fún yín yẹ̀ wò, pé ìmọ̀ yín ti pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ. Kò sí agbanisíṣẹ́ tí ìmọ̀ ń ṣe ní ibi. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé inú yín ò ní dùn níbẹ̀, pé kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kó ẹrù yín, òun á sì tún padà sídìí wíwá èèyàn. Bí ẹ bá wá fèsì pé "mo ti ṣe iṣẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ò lè ṣòro fún mi," ẹ dá kún ẹ̀rù rẹ̀ ni. Ohun tó ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ìdí tí ẹ fi fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an, bó ṣe wà, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ẹ lè sọ fún un pé: "Lọ́dún mélòó kan tó kẹ́yìn, ìpàdé àti ìwé àṣẹ ló gba gbogbo ọwọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ràn ni kí ọjà wọlé, kó sì jáde láìsí àṣìṣe. Iṣẹ́ yín máa dá mi padà sídìí ẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí. Mo ti rí iye tí ẹ kọ síbẹ̀, mo sì ti ṣírò ó kí n tó kọ̀wé." Bí kò bá jẹ́ òótọ́ fún yín, ẹ má sọ ọ́ o, torí ó máa ń hàn lójú ẹni. Àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ẹ fi ń bá CV yín rìn.

Ní ti kí ẹ fi ọjọ́ orí pamọ́, ìyàtọ̀ wà láàárín kéèyàn parọ́ àti kéèyàn má fi ohun tí wọn ò béèrè síwájú. Irọ́ kò dáa, kò sì lérè: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí wá, ohun gbogbo á hàn, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n máa tìtorí ẹ̀ lé yín lọ mọ́, irọ́ ni. Fọ́ọ̀mù tó bá béèrè ọjọ́ ìbí, ẹ fún un ní òtítọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ẹ kọ ọdún tí ẹ jáde ilé ẹ̀kọ́ sínú CV, tàbí iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo àlàyé rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn ni kí ẹ ṣàlàyé dáadáa. Ohun tó bá ṣáájú rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo tó. Ojú ìwé méjì pérépéré ni kó jẹ́.

Mo ka CV tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹ jẹ́ "òṣìṣẹ́ tó ní ìrírí tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó ṣeé fọkàn tán, tó sì fẹ́ràn iṣẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Iye ọdún kì í ṣe àǹfààní lójú ẹni tó ń kà á; ohun tí ẹ fi ọdún yẹn ṣe ló ń wá. Lábẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ kọ pé ẹ "ń bójú tó gbogbo ìgbòkègbodò ilé ìkẹ́rùsí." Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nípò yẹn rí lè kọ bẹ́ẹ̀, títí kan ẹni tí ọjà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ nínú lẹ́tà yín sí mi, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni ń kọjá lọ. Ẹ ní nígbà tí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀, páálí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n máa ń tò síwájú, torí ó rọrùn fún wọn, tí ti tẹ́lẹ̀ á wà lẹ́yìn títí ọjọ́ rẹ̀ á fi kọjá. Ẹ yí i padà: ẹ lẹ bébà aláwọ̀ sára páálí gẹ́gẹ́ bí oṣù tí ọjọ́ rẹ̀ máa pé, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù á sì kọ́kọ́ jáde. Láàárín ọdún méjì, oògùn tí ilé iṣẹ́ ń dà nù lọ́dọọdún dín sí ìdajì.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí èyí kò sí nínú CV yín? Ohun tí ilé iṣẹ́ ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo tún ètò ìtò ọjà ṣe kí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ máa kọ́kọ́ jáde; láàárín ọdún méjì, èyí tí à ń dà nù lọ́dọọdún dín sí ìdajì." Ẹ wá mẹ́rin tàbí márùn-ún irú rẹ̀. Iye irú ọjà tó wà níkàáwọ́ yín, iye èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín, bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí oògùn tó dé ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe yá sí lẹ́yìn náà. Bí ẹ kò bá rántí iye kan dájú, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀; ẹ sọ ohun tó yí padà láìfi nọ́ńbà sí i.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ to ìwé kí ojú èèyàn tó kàn án. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó iṣẹ́ náà ló ń wá. Bí ìpolówó bá pe iṣẹ́ kan ní orúkọ kan, tí ẹ̀yin sì pè é ní orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ yín àtijọ́, ó lè máà mọ̀ pé ohun kan náà ni. Torí náà, ẹ lo orúkọ tí wọ́n lò, níbi tó bá ti bá ohun tí ẹ ṣe mu. Ẹ má fi àpótí tàbí àwòrán ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ má sì pín ojú ìwé sí òpó méjì. Ìlà tó tẹ̀ lé ara wọn wẹ́rẹ́ ló dára.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ má torí ẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún gbọọrọ tó máa jẹ yín lówó. Ẹ kó nǹkan bí ogún ìpolówó irú iṣẹ́ tí ẹ ń wá jọ, kí ẹ sì fàlà sí gbogbo ohun èlò tí wọ́n dárúkọ. Ẹ máa rí i pé méjì tàbí mẹ́ta ló ń padà wá ṣáá. Ó lè jẹ́ Excel, ó lè jẹ́ ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mọ iye ọjà tó kù, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka àmì ara páálí. Ẹyọ kan nínú wọn tí ẹ kò mọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, kí ẹ kọ́ ọ débi tí ẹ ó fi lè ṣe nǹkan pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹlòmíràn. Nígbà náà, ẹ lè sọ pé "lóṣù tó kọjá, mo fi Excel ṣe àtẹ tó ń pọ́n fúnra rẹ̀ bí ọjà bá fẹ́ tán." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn pa ìbéèrè kẹrin ju ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lọ, torí pé ó fi hàn pé ẹ ṣì ń kọ́ nǹkan.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí mo rò pé agbára yín pọ̀ sí jù. Ní 1973, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, tẹ ìwádìí kan jáde tó ti di ohun tí gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí ń tọ́ka sí. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀ bí wọ́n ṣe ń rí ojúlùmọ̀ náà sí. Díẹ̀ nínú wọn ló ní ẹni tí àwọn ń rí lemọ́lemọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló pọ̀ jù: ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, agbanisíṣẹ́ àtijọ́, ẹni tí wọ́n jọ pàdé nídìí òwò. Ní 2022, àwọn olùwádìí mìíràn yẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èèyàn mílíọ̀nù 20 lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pàdé ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wò fún ọdún márùn-ún, èsì rẹ̀ sì gbè é: ojúlùmọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́ni ló ń ranni lọ́wọ́ jù láti ríṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ yín gbọ́, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tó wà lókèèrè ló gbọ́ ohun tí kò tíì détí yín.

Ọmọ ọdún 25 kò tíì ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Tiyín lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń kó oògùn wá fún yín àti àwọn awakọ̀ wọn. Àwọn apòògùn ilé ìwòsàn tó máa ń pè yín nígbà tí ọjà bá pẹ́. Àwọn tó ń wá yẹ ìwé yín wò lópin ọdún. Àwọn tó ti fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ má fo awakọ̀ o. Ẹni tó ń já ẹrù sí ilé ìkẹ́rùsí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ mọ ibi tí nǹkan ti dàrú àti ibi tí alábòójútó ti fẹ́ lọ, kí ìpolówó kankan tó jáde. Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń ta kókó. Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọjà, òun ni mo fẹ́ lọ bẹ̀ níṣẹ́? Mo ti rí àwọn àgbà tó yàn láti máa fi ìwé ránṣẹ́ sí àjèjì lójoojúmọ́ ju pé kí wọ́n pe ẹnì kan tó jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń gbọ́ láti ìdàkejì: inú àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń dùn gan-an. Wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi san oore yẹn padà. Àwọn nìkan sì ni ẹlẹ́rìí tó lè sọ fún ọ̀gá tó ṣì kéré pé "mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn, wọn kì í pariwo mọ́ni, wọ́n sì máa ń gba àbá." Ẹ̀yin fúnra yín ò lè sọ ìyẹn kó wọni létí.

Ẹ má kàn sọ pé "ẹ bá mi wá iṣẹ́." Ẹrù ńlá nìyẹn, ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ á máa sá fún yín. Ohun kékeré tó lè ṣe lónìí ni kí ẹ béèrè. Ẹ lè kọ ọ́ sórí WhatsApp báyìí:

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ mi níbi tí a jọ wà ti parí nígbà tí wọ́n ra ilé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ àbójútó ilé ìkẹ́rùsí ni mo ń wá, bóyá oògùn tàbí ohun èlò ìwòsàn, ì báà jẹ́ ti oṣù díẹ̀. Mi ò ní kí o fún mi níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ ẹni tó ń darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí o wà, kí n bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ tó. Bí ẹ bá rí ìpolówó iṣẹ́ kan, ẹ kọ̀wé sí i bí wọ́n ṣe ní kí ẹ kọ ọ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ wá ẹnì kan nínú orúkọ wọ̀nyẹn tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ìwé tí ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bá ti àjèjì dọ́gba lórí tábìlì.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ gba iṣẹ́ yòówù. Rárá. Mi ò bẹ̀rù owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá lè gbé ilé yín lórí rẹ̀. Ohun tí mò ń wò ni ohun tí ẹ ó máa fọwọ́ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ipò tó relẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí tó ń lo ètò tuntun dára fún yín ju ipò ńlá lórúkọ tí kò ní iṣẹ́ nínú. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, bíi dídúró fún ẹni tó lọ ìsinmi ìbímọ tàbí títún ilé ìkẹ́rùsí tó dàrú tò, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún ẹni tó bá wà nípò yín, torí pé wọ́n á fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ yín, ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì dáhùn ara wọn. Ìwádìí kan tí Pierre Azoulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà tún fi hàn pé àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tó yára dàgbà jù lọ sílẹ̀ ti tó ẹni ọdún 45 ní ìpíndọ́gba nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Torí náà, bí ó bá wà lọ́kàn yín láti dá nǹkan sílẹ̀, ọjọ́ orí kọ́ ni ìdíwọ́. Ẹ kàn má kó gbogbo owó ìdágbére yín lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn rán mi létí ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́yìn ọdún pípẹ́ lè ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè má balẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù, owó ẹ̀kọ́ tàbí owó ìwé àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, olè ni. Ẹni tó bá fún yín níṣẹ́ láìbá yín sọ̀rọ̀ rí, tó wá ní kí ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì àti ìwé ìdánimọ̀ ránṣẹ́ kíákíá, ẹ má dá a lóhùn.

Ní ti òfin, ó wà, ẹ sì yẹ kí ẹ mọ èyí tó wà níbi tí ẹ ń gbé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1967 ń dáàbò bo ẹni tó ti pé ogójì ọdún, níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó ogún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2010 ka ọjọ́ orí mọ́ ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹ̀tanú, ní 2011 sì ni wọ́n pa ètò tó ń jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ lè fipá fẹ̀yìn èèyàn tì ní ọdún 65 rẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ní àṣẹ kan láti ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi ẹ̀rí hàn pé torí ọjọ́ orí ni wọn ò ṣe pè yín, torí ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n pè. Ẹ tọ́jú ìpolówó iṣẹ́ àti gbogbo ímeèlì. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti dàgbà jù, ẹ gbé e lọ bá agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní fẹ́ kí ẹ ná agbára yín síbẹ̀ báyìí.

Ó kù èyí tó ń bà yín lẹ́rù, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí wọ́n bá tún bi yín bóyá ẹ lè gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó kéré sí yín, ẹ má bínú, ẹ má sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ dúpẹ́ nínú ọkàn yín pé ó béèrè, torí ẹni tí kò béèrè náà ń rò ó. Ẹ fún un ní ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ sọ fún mi pé ọ̀gá yín tó kẹ́yìn fi ọdún mọ́kànlá kéré sí yín. Ẹ rántí ọjọ́ kan tí ẹ̀yin méjèèjì ò fẹnu kò lórí nǹkan. Kí ni ẹ rò? Báwo ni ẹ ṣe sọ ọ́ fún un? Kí ló pinnu, báwo sì ni ẹ ṣe ṣe é? Ìtàn tó dára jù ni èyí tí ọ̀gá náà ti borí, tí ẹ̀yin sì ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yín ló mú. Kí ó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ fẹnu sọ ọ́ jáde lójú ẹnì kan nílé, kì í ṣe nínú ọkàn.

"Nígbà tiwa" àti "níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, bá a ṣe ń ṣe é nìyí," ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Ẹ fi òwe tó ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú. Òótọ́ ni, àmọ́ etí ẹni tó ń gbọ́ ọ níbẹ̀ á sọ pé ẹ ò lè bá òun ṣiṣẹ́. Ní ti irun, bó bá wù yín kí ẹ pa á láró, ẹ pa á. Bí kò bá wù yín, ẹ jẹ́ kó funfun. Aṣọ tó bá yín lára mu tó sì mọ́ ló ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ orí Zoom ni, ẹ ṣí i pẹ̀lú ẹnì kan lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ mọ ibi tí ohùn àti àwòrán wà, kí iná wà níwájú yín, kó má ṣe wà lẹ́yìn.

Bí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀, ẹ sọ pé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, pé iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ni ẹ fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ẹ fi oṣù mẹ́jọ ṣe, ẹ sọ òtítọ́ ní gbólóhùn kan: wọ́n ra ilé iṣẹ́, wọ́n dín èèyàn kù, ẹ ń wáṣẹ́, ẹ sì ti kọ́ ohun báyìí báyìí. Ẹ má ṣàròyé nípa àwọn tó dá yín dúró.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin náà béèrè nǹkan, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ìrírí yín hàn, láìsọ pé ẹ ní in. Ẹ bi wọ́n pé: níbo ni ọjà ti ń sọnù jù nínú iṣẹ́ yín, ibi tí ẹ ti ń gbà á wọlé ni àbí ibi tí ẹ ti ń kó o jáde? Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ń lọ. Ẹ bi ọ̀gá tó máa wà lórí yín pé, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ló máa rí tó máa fi mọ̀ pé ẹni tí òun gbà ṣe dáadáa? Ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́ sí i, kí ẹ dárúkọ ohun tó sọ gan-an àti bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìbéèrè tó bá sì há yín lọ́nà ọ̀fun níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí fóònù kó tó fò lọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wá ìdáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó pè yín sí òmíràn.